Ilé Onílẹ̀kùn Búlúù

Bọ́tìnì kan wà lára ẹ̀rọ géèmù yẹn tó máa ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ bí a bá ń fi idà ṣá ẹranko inú rẹ̀. Mo ṣì ń gbọ́ ọ títí di òní. Àbúrò bàbá mi tó wà lókè òkun ló fi ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ sí èmi àti àbúrò mi obìnrin, lọ́dún tí mo fẹ́ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ girama, tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Kò tóbi ju ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ọmọ ogun kan wà nínú rẹ̀ tí a ó máa darí láti ìlú dé ìlú, tí yóò máa jà, tí yóò sì máa lágbára sí i bó ṣe ń ṣẹ́gun.

Kí n má purọ́, géèmù náà dùn. Ìjà rẹ̀ kì í ṣe ìjà ọ̀lẹ. Ọwọ́ rẹ gbọ́dọ̀ yá, ojú rẹ sì gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí ẹranko fẹ́ fò mọ́ ọ. Bí òjò bá ń rọ̀ nínú rẹ̀, òtútù á fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi lórí àga wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ṣùgbọ́n ìkà lẹni tó ṣe é. Lẹ́tà inú rẹ̀ kéré bí ẹyin èèrà. Wọ́n á ní kí o rìn títí lọ já ewé kan wá, bí o bá dé, wọ́n á ní kí o padà lọ já irú ewé yẹn kan náà. Èyí tó burú jù ni pé ojú kan ṣoṣo ló wà tí a lè fi eré pamọ́ sí. Ẹni méjì kò lè ní tiwọn lọ́tọ̀. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ eré tuntun, eré àtijọ́ ti parẹ́ nìyẹn.

Nílé wa, àgbà ló ń kọ́kọ́ mú, ì báà jẹ́ ẹran, ì báà jẹ́ ìkọ́kọrẹ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Mo mú géèmù fún oṣù mẹ́ta gbáko, àbúrò mi ń yọjú wò mí láti ẹ̀yìn. Ẹranko olórí méjì kan ló wá dá mi dúró. Ó pa mí títí ó fi sú mi, mo ní géèmù radaràda ni, mo jù ú sí àbúrò mi. Ọmọ yìí kò lágbára. Àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde ni wọ́n bí mọ́ ọn, eegun máa ń ro ó débi tí kò fi ní lè gbé ṣíbí. Ọ̀sán Sátidé kan ló fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n pa ẹranko mi.

"Bọ̀dá mi, ẹ wá wò ó! Ẹ máa ń yára jù ni. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ bínú ná, ìgbà yẹn ló máa ń gbé ọrùn sílẹ̀!"

Mọ́mì kọjú sí mi, wọ́n ní, "Akọ ọkùnrin, ẹ kú ìjà o!" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi ti kan bí ẹ̀wà àná.

Géèmù náà máa ń gba ẹni tó bá ṣẹ́gun dé ibì kan láyè láti kọ́lé sórí òkè. Àbúrò mi kọ́ ọ. Ó sọ fún Mọ́mì pé tiwọn ni. Mọ́mì kò mọ nǹkan kan nípa géèmù ju pé ó ń jẹ iná lọ, síbẹ̀ wọ́n á máa gbọ́ ìròyìn yàrá àti fèrèsé ní kíṣìnì bí ẹni pé káfíńtà ló ń sọ ọ́. Èmi kì í dúró gbọ́.

Nígbà tí àìsàn tún gbé e dé ilé ìwòsàn, ó ní kí n bá òun gbé géèmù wá. Mo ṣí i kí n tó jáde nílé. Mo rí ilé náà lórí òkè, n kò tilẹ̀ wò ó dáadáa. Ohun tí mo rí ni ọmọ ogun tí èmi bẹ̀rẹ̀, tó di akọni lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mo tẹ eré tuntun. Géèmù bi mí lẹ́ẹ̀kan péré bóyá ó dá mi lójú, mo ní ó dá mi lójú. Èrò mi ni pé kí òun náà bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ká wá mọ ọ̀gá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí i lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú tì mí láti gbé e fún un, mo sọ fún un pé bátìrì ti bàjẹ́, mo fi í sílé.

"Kò burú, Bọ̀dá mi. Ẹ ṣáà bá mi tọ́jú rẹ̀, ilé Mọ́mì wà níbẹ̀."

Ọjọ́ kẹta ló kú.

Òkú ọ̀fọ̀ ni, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò jẹ́ kí Mọ́mì mọ ibi tí a sin ín sí. Ìyá Mọ́mì kó àwọn àgbà obìnrin wá láti Ìjẹ̀bú-Ìmùṣìn. Kí ọjọ́ kejì tó ṣú, wọ́n ti kó aṣọ rẹ̀, bàtà rẹ̀, ìwé rẹ̀, fọ́tò rẹ̀, àní búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rẹ̀, lọ pátápátá, kí ìyá má baà máa rí i kó máa sunkún. "Omi ló dànù, agbè ò fọ́," ni wọ́n ń sọ. Agbè jókòó, ó ń wò wọ́n. Géèmù nìkan ni wọn kò mú, wọ́n rò pé tèmi ni.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan, Mọ́mì dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. "Wọn ò gbé ìyẹn lọ," ni wọ́n wí. "Jẹ́ kí n rí ilé tó kọ́ fún mi."

Mo tún purọ́ bátìrì. Oṣù méjì ni mo fi jà nínú géèmù yẹn láti bo irọ́ mi, ìwé ìdánwò sì wà nílẹ̀. Ẹranko olórí méjì pa mí, ó tún mi pa, àfi ìgbà tí mo rántí ọ̀rọ̀ àbúrò mi, tí mo dúró kó kọ́kọ́ bínú. Ó gbé ọrùn sílẹ̀ lóòótọ́. Mo sunkún bí ọmọdé. Mo kọ́lé sórí òkè, mo gbé e fún Mọ́mì, wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n wò ó pẹ́.

"Ó dára. Ilẹ̀kùn rẹ̀ pupa."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Búlúù ló sọ fún mi." Wọ́n dá a padà sọ́wọ́ mi, wọ́n lọ dáná.

Ó ti pẹ́. Mo ti níyàwó, mo ti bímọ, ẹ̀rọ náà kò tàn mọ́. Àwọn àgbà ní ẹni da eérú leérú ń tọ̀. Tèmi kò tíì yé tọ̀ mí. Mọ́mì kò bi mí léèrè rí, ì bá sàn kí wọ́n bi mí. Lọ́dún tó kọjá, mo mú akunlé wá láti bá wọn kun ilé. Ó bi wọ́n ní irú ọ̀dà tí wọ́n fẹ́ sára ilẹ̀kùn. Mọ́mì nawọ́ sí mi.

"Bi í. Òun ló rí ilé náà kẹ́yìn."

Mo ní búlúù ni.