Ọjọ́ tí Tíṣà Orpha Dìde

Tíṣà Orpha Dunklee kò bímọ, ṣùgbọ́n ó ṣòro kí o tó rí ọmọ bíbí East Corbin tí kò fà létí rí. Èmi gan-an, ó fà mí létí nítorí pé mo ṣi Vermont kọ, ìpínlẹ̀ wa ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n bí bàbá bàbá mi sí. Ọdún mọ́kànlélógójì ló fi kọ́ni nílé ìwé oníyàrá kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá. Òun ló ń dáná sí sítóòfù láàárọ̀, òun náà ló ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí àwọn ọmọ tó dé.

Nígbà tó fi máa di ọdún 1967, ọmọ márùn-ún péré ló kù níbẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní ká kúkú ti ilé ìwé náà pa, kí bọ́ọ̀sì máa kó àwọn ọmọ lọ sí ilé ìwé ńlá tó wà ní ìlú Pellam. Inú bí mi gidigidi. Ìlú tí kò bá ti ní ilé ìwé mọ́, kí ló kù níbẹ̀ ju itẹ́ òkú lọ? Èmi àti Lyle Batchelder la jọ ń ti oko màlúù kan bọ́ sí òmíràn, à ń bẹ aráàlú pé kí wọ́n má gbà. Lójú tiwa, Tíṣà là ń jà fún. A ò bi í léèrè.

Nettie, ọmọ Lyle, nìkan ló jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nílé ìwé náà. Àwọn mẹ́rin yòókù kéré, wọn ò tíì mọ okùn fò. Mo máa ń gbé wàrà kọjá níbẹ̀, mo sì máa ń rí i: wọ́n á so etí okùn kan mọ́ òpó àsíá, Tíṣà á máa ju èkejì pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, Nettie á máa fò. Mà á juwọ́ sí wọn, mà á bá tèmi lọ.

Oṣù kẹta ni ìpàdé ìlú wa, níbi tí aráàlú ti máa ń dìbò lórí ọ̀rọ̀ ìlú. A jẹ ẹ̀wà àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tán, Royce Kittredge tó ń darí ìpàdé sì ka ọ̀rọ̀ náà síta. A kì í fi ìbò pa mọ́ fúnra wa. Ẹni tó bá fẹ́ nǹkan á dìde dúró, akọ̀wé á ka orí.

Royce ní, "Ẹni tó bá fẹ́ ká tì í pa, kó dìde."

Àwọn mọ́kànlá kan dìde, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sílùú. Mo ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìgbà náà ni Tíṣà di àga iwájú rẹ̀ mú, ó sì dìde.

Lyle sún mọ́ ọn. "Tíṣà, ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn tó fẹ́ tì í pa ni wọ́n ń pè."

"Etí mi ò di, Lyle. Tìẹ ló ti di láti kékeré."

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín.

"Ilé ìwé yín mà ni, Tíṣà."

"Òpó ni ọmọ ẹ ń bá fo okùn. Ṣé òpó mọ orin ni? Igi kan kì í dágbó ṣe, Lyle. Jẹ́ kó lọ bá ẹgbẹ́ ẹ̀."

Ní kíláàsì Tíṣà, bó bá ti wà lórí ìdúró, ọmọ kankan ò gbọdọ̀ jókòó. Ẹnikẹ́ni ò rán wa létí. Alden Pike, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, ló kọ́kọ́ dìde. Lẹ́yìn náà, àga bẹ̀rẹ̀ sí í dún káàkiri.

Tíṣà yíjú padà. "Ẹ jókòó. Ìbò lèyí, kì í ṣe ìkíni. Ẹni tí ò bá fẹ́, kó jókòó."

Kò sẹ́ni tó jókòó. Lyle nìkan ló kù lórí àga, ó forí lé ọwọ́ méjèèjì. Nígbà tó yá, òun náà dìde.

Tíṣà wò wá títí, lẹ́yìn náà ó jókòó, ó bú sẹ́kún. Akọ̀wé ka orí mọ́kàndínlọ́gọ́rin, wọ́n sì ti ilé ìwé náà pa lóṣù kẹfà. Èmi náà wà lórí ìdúró lọ́jọ́ náà. Títí dòní, mi ò lè sọ bóyá ìbò ni mo dì, àbí Tíṣà ni mo dìde fún.