Orin Tí Ìyá Ọkọ Mi Kọ Nínú Sọ́ọ̀bù Onídígí

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìyàwó ilé ní Enugu, orin ni èèyàn fi ń mọ sọ́ọ̀bù. Kì í ṣe gbogbo wa la mọ̀wé kà, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọ́ èdè ara wa tán. Bí ẹ bá ní kí ẹnìkan júwe ibi tí wọ́n ti ń ta bàtà fún yín, ó lè má mọ orúkọ òpópónà kankan. Orin ibẹ̀ ni yóò kọ fún yín. Ẹni tó ń ta àwo tánńganran létí rélùwéè ní orin. Ẹni tó ń ta kẹ̀kẹ́ náà ní orin, àwọn awakùsà ló sì máa ń kọ tirẹ̀ bí wọ́n bá ń ti ibi tí wọ́n ti ń wa èédú bọ̀, tí ojú wọn dúdú, tí eyín wọn funfun. Yorùbá, Igbo àti píjìn lè pàdé nínú orin kan ṣoṣo, kò sì sí ẹni tí yóò bi yín pé èwo ni tiyín.

Ìyá ọkọ mi ní orin tirẹ̀. Aṣọ ló ń tà nínú ọjà Ogbete, àǹkárá àti jọ́ọ̀jì. Ìlú kan lápá Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti wá. Iṣẹ́ rélùwéè ló gbé bàbá ọkọ mi dé Enugu, nígbà tí bàbá sì re ibi àgbà ń rè, ìyá kò padà sílé. Ó ní òun ti ní ìsọ̀, òun sì ti ní ohùn.

Ohùn yẹn ni mo fẹ́ sọ. Ní ìlú tiwọn, a kì í fa aṣọ tuntun lé èèyàn lọ́wọ́ nínú ìdákẹ́jẹ́. Wọ́n ní aṣọ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí òun ń lọ bá. Nítorí náà, bí ẹ bá ra aṣọ lọ́wọ́ ìyá, kò ní í tètè fún yín. Yóò bi yín léèrè ẹni tó bí ìyá yín, àti ìlú tó bí i sí, àti iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ wọ́n mọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ, bó sì ṣe ń ká a ni yóò máa fi ohun tí ẹ sọ kọrin. Ibi tí ó bá ti ká a parí ni orin ti ń parí. Yóò wá gbé aṣọ náà lé yín lọ́wọ́ bí agbẹ̀bí ṣe ń gbé ọmọ fún ìyá ọmọ.

Yorùbá ló fi ń kọ ọ́, àwọn ọ̀rọ̀ Igbo tí ó gbọ́ kò sì ju èyí tó ń jẹ́ kó tajà lọ. Síbẹ̀ àwọn obìnrin Igbo ló pọ̀ jù nínú oníbàárà rẹ̀. Ọ̀kan wà tó máa ń ti Emene wá. Lọ́jọ́ kan, nígbà tí ìyá ká aṣọ rẹ̀ tán, obìnrin náà gbà á, ó tú u palẹ̀, ó ní kí ìyá tún un ká. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ìdí ẹ̀rọ omi náà fi ìsọ̀ ìyá kọrin. Bí ọ̀kan bá dá a, àwọn yòókù á gbè é:

Ta ló wọ̀ ọ́?
Ọmọ ẹni rere ni.
Níbo ló ti rà á?
Lọ́dọ̀ ìyá tó ń fi ohùn ká aṣọ.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn kí sọ́ọ̀bù onídígí tó dé. Òmìnira kò tíì pẹ́ nígbà náà. Ojú ọ̀nà ńlá ni wọ́n kọ́ ọ sí, iwájú rẹ̀ látòkè délẹ̀ sì jẹ́ dígí. Ṣùgbọ́n kí á tó fi ojú rí i ni a ti fi etí gbọ́ ọ. Mọ́tò kan tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sórí ni ó kọ́kọ́ gbé orin rẹ̀ wọ àdúgbò wa. Mo ń ṣa ìrẹsì lọ́wọ́. Fèrè ló kọ́kọ́ ké, gìtá tẹ̀lé e, ọkùnrin kan wá ń fi píjìn àti Igbo sọ pé òjò kì í pa ọjà àwọn, oòrùn kì í pa á, pé láti orí abẹ́rẹ́ dé orí ibùsùn, ẹsẹ̀ kan ni kí èèyàn gbé wọlé kó bá gbogbo rẹ̀ níbẹ̀. Mo dìde tèmi tàwo ìrẹsì. Èmi kò tíì gbọ́ ohùn ènìyàn kan kó kún àdúgbò tó bẹ́ẹ̀ rí. Ajá dákẹ́. Àwọn ògiri páànù ń gbọ̀n pẹ̀lú ìlù. Kí n má parọ́ fún yín, orin náà dùn dé inú eegun mi.

Kò pẹ́ tí gbogbo ìlú fi gbà á. Àwọn awakùsà ń fi súfèé kọ ọ́. Àwọn ìyá ọlọ́mọ fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, èmi àti ìyá lọ pọn omi, a sì bá àwọn ọmọ ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n ń kọ ọ́, èyí tó kéré jù nínú wọn ń fi ẹnu ṣe fèrè. Ìyá dúró gbọ́ ọ dé òpin. Ó gbé omi rẹ̀ rù, ó kọrí sílé.

Láti ọjọ́ yẹn kò kọrin nínú ìsọ̀ mọ́. Yóò ta aṣọ, yóò ká a, yóò nà án sí èèyàn. Àwọn oníbàárà á gba aṣọ, wọn á tún dúró díẹ̀, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sórí ìjókòó, wọn á wá rọra lọ. Wọn kò wá mọ́ bí wọ́n ṣe ń wá. Ẹni tó bá jẹ́ aṣọ nìkan ló ń wá, ó mọ̀ pé aṣọ wà nínú iná mànàmáná sọ́ọ̀bù onídígí.

Ọkọ mi rò ó síwá sẹ́yìn. Ó ní ó ti rẹ ìyá òun, ilé ló yẹ kó lọ sinmi. Ó bá ará ìlú wa kan tó ní ọkọ̀ akẹ́rù sọ̀rọ̀, pé kó bá òun gbé ìyá padà sílé. Mo rò pé ìyá yóò jà, nítorí ó mọ ìjà jà. Kò jà. Ó ń di aṣọ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì mọ̀ pé bí ọkọ̀ yẹn bá fi lè gbé e, ohùn yẹn ti parí nìyẹn, nítorí kò sí ìsọ̀ tó ń dúró dè é nílé, ẹ̀gbẹ́ àga ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni yóò jókòó sí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò gbéra ní ìrọ̀lẹ́, ó wé gèlè rẹ̀, ó da ìbòrùn bo èjìká, ó ní, "Ìyàwó mi, sìn mí lọ. Mo fẹ́ rí ohun tí orin rẹ̀ gbé tèmi mì."

Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé èpè ló ń gbé lọ.

Nígbà tí a dé iwájú dígí náà, a rí ara wa nínú rẹ̀, èmi àti òun, tòun tìbòrùn, a sì tún rí àwọn ọmọlangidi aláìlórí tí wọ́n wọ aṣọ òyìnbó lẹ́yìn ara wa. Ìyá na ọwọ́, ọwọ́ rẹ̀ kan ọwọ́ ara rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò. A wọlé. Ilẹ̀ ń dán bí omi tó dúró. Fáànù ń yí lókè, iná ń tàn ní ọ̀sán gangan, aṣọ tò lọ títí kíkà àwọ̀ wọn fi sú mi. Orin sọ́ọ̀bù náà ń ti inú giramafóònù jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Èmi ti gbàgbé ohun tí a bá wá.

Ìyá ní, "Ohun tó bá ga tó báyìí, a kì í kọjá lára rẹ̀ láìkí i."

Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé oríkì ló gbé wá. Ó fẹ́ ki sọ́ọ̀bù náà, kó fi ṣe ìdágbére. Ó padà tọ aṣọ́nà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ, ó fi píjìn bi í pé ta ló ni ibẹ̀.

Aṣọ́nà ní kọ́mpìnì ni.

Ìyá ní òun mọ kọ́mpìnì, ọkọ òun ti ṣe iṣẹ́ fún un rí kí ó tó wọ rélùwéè, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín ni òun ń béèrè, àti ìyá tó bí i. Aṣọ́nà rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ó bá jẹ́ òyìnbó tó wà nínú yàrá ẹ̀yìn yẹn ni, òṣìṣẹ́ bíi tòun ni òun náà. Àwọn tó ni ibẹ̀ wà lókè òkun, wọ́n pọ̀ bí eéṣú, wọn kò mọ ara wọn, púpọ̀ nínú wọn kò sì mọ ibi tí Enugu wà.

Ìyá wò mí. "Ta ni mo fẹ́ wá kì?"

Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Obìnrin tó lè fi orúkọ ìyá àlejò kọrin títí àlejò á fi sunkún, ó dúró láàárín ọjà tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò rí orúkọ kan dì mú. Ó yí padà láti máa lọ.

Ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti bọ́ sára ọmọbìnrin kan tó ń tajà lẹ́yìn káńtà. Ọmọ Igbo ni, kò lè ju ogún ọdún lọ. Ó ń ká jọ́ọ̀jì fún obìnrin kan tó dá mọ́tò dúró síta. Ó ń ká a dáadáa, etí kan etí, ṣùgbọ́n ó dákẹ́, ẹni tó ń rà á náà dákẹ́. Ìyá súnmọ́ wọn. Ó bi ọmọbìnrin náà léèrè bí ó ṣe máa ń bi àwọn oníbàárà rẹ̀. Ọmọbìnrin náà wo yàrá ẹ̀yìn kí ó tó dáhùn. Ó dárúkọ ìyá rẹ̀. Ó ní abúlé kan lápá Nsukka ni, ìkòkò ni wọ́n ń mọ níbẹ̀.

Ìyá gbé ọwọ́ lé etí aṣọ náà, ó sì gbóhùn:

Ọmọ a-po-amọ̀-bí-ẹni-po-ẹ̀mí,
Ọmọ a-fọwọ́-lásán-kọ́lé-fómi,
Òùngbẹ kì í pa ará ilé ìyá rẹ.
Iná jó ìkòkò yín, ìkòkò yín pọ́n,
Iná tó wà níbí kò jóni, ìwọ lo ń tàn.

Ó fi orúkọ ìyá ọmọ náà sáàárín ìlà kọ̀ọ̀kan, èyí tí n kò ní í kọ síbí. Ohùn náà lọ kan dígí, ó padà wá bá wa. Nínú ọjà Ogbete, ariwo máa ń jẹ lára rẹ̀, òrùlé páànù á tún gba tirẹ̀. Níbẹ̀, kò sí ohun tó gba nǹkan kan lára rẹ̀. Mo ti ń gbọ́ obìnrin yìí lójoojúmọ́ láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, ọjọ́ yẹn ni mo tó gbọ́ ọ tán. Àwo orin inú giramafóònù ti parí, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń họ àwo lásán, ẹnikẹ́ni kò lọ yí i. Òyìnbó jáde láti yàrá ẹ̀yìn, ó dúró, ó di bírò rẹ̀ mú. Ọmọbìnrin náà ń bá aṣọ ká lọ ní tirẹ̀, ó ń ká a pẹ̀lú ohùn ìyá, nígbà tí orin sì parí, aṣọ ti parí.

Ó gbé e fún ẹni tó rà á. Omi ti dé ojú ọmọbìnrin náà. Ó wá fi píjìn sọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé, "Mama, láti ìgbà tí mo ti ń dúró níbí, ẹnìkan kò bi mí rí pé ta ló bí mi."

Ìyá gbá a lẹ́yìn ọwọ́, ó sì mú ọ̀nà ilé pọ̀n. Sáré-sáré ni mo fi ń tẹ̀lé e.

Ọkọ mi ti kó ẹrù síta, ó ti fi okùn dì í.

"Màámi, onímọ́tò ti ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì."

"Tú okùn yẹn."

"Ṣé kò sí nǹkan?"

"Èèyàn ló wà níbẹ̀. Mo ti rò pé ọjà nìkan ni." Ó jókòó sórí àpótí ẹrù rẹ̀, ó ń bọ́ bàtà. "Èèyàn ló kún inú ìlú yìí, wọn ò tíì gbọ́ orúkọ ìyá wọn tán lẹ́nu mi."

"Màámi, ó ti fi àyè sílẹ̀ dè yín láti àárọ̀."

"Kó gbé iṣu síbẹ̀. Iṣu ò ní í bá a jiyàn lójú ọ̀nà."

Ọkọ mi wò mí bóyá èmi yóò gbè é. Mo wo ilẹ̀. Ó ti di okùn náà bí òṣìṣẹ́ rélùwéè ṣe ń di ẹrù tó ń lọ sọ́nà jíjìn, kókó rẹ̀ le. Ó fa á títí, kò tú. Nígbà tó yá, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó fi eyín mú kókó okùn náà.