Ọkọ̀ Eré Tó Há sí Àgbàlá Wa

Kò pẹ́ lẹ́yìn tí bàbá mi kú ni mo ra ọkọ̀ náà. Ọwọ́ ọkùnrin kan ní Hotoro, nínú ìlú Haúsá tí à ń gbé, ni mo ti rà á. Ó ń kó lọ sí Àbújá, kò sì fẹ́ wọ́ òkú ọkọ̀ lọ, torí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti nọ́ọ̀kì. Ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì ni, irú ọkọ̀ eré tí àwọn ará Japan ṣe nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì: imú rẹ̀ gùn, ìdí rẹ̀ kúrú, iná iwájú rẹ̀ sì máa ń wọlé pa mọ́ bí èèyàn bá pa á. A fi okùn so ó mọ́ ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, a wọ́ ọ dé Enugu Road ní àdúgbò wa, a tì í wọ àgbàlá wa, a gbé e sábẹ́ igi dóńgóyárò. Màmá mi jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wò ó títí.

"Ọkọ mi, ṣé èyí náà ń rìn?"

Mo ní, "Yóò rìn, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe ná."

Àwa mẹ́ta ni màmá mi bí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní Ìbàdàn pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, àbúrò mi ọkùnrin ti ré òkun kọjá. Èmi tí mo wà láàárín ni ṣọ́ọ̀bù bàbá wa já lé lọ́wọ́, ṣọ́ọ̀bù òwú ìránṣọ àti síìpù ní ọjà Sábó. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo fẹ́. Ọwọ́ ẹni tó bá gbẹ̀yìn nínú ilé ni kọ́kọ́rọ́ ń bọ́ sí. Mo ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀rọ ní pólì, mo sì ti ń múra àtilọ ṣiṣẹ́ ní Port Harcourt kí bàbá mi tó dákú nídìí káńtà. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo ní kí n ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí àwọn oníbàárà má baà tú ká. Mo ṣì ń ṣí i di òní.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn ju ọkọ̀ lọ lójú mi. Ohun tí mo ń rò ni pé bí mo bá ṣe é tán, n ó máa gbé e jáde ní òpin ọ̀sẹ̀, n ó gba títì Zaria, n ó tẹ̀ ẹ́ títí ara mi yóò fi fúyẹ́, n ó sì padà wálé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó ní gáréèjì nítòsí Zoo Road. Haúsá ni, pápá bọ́ọ̀lù kan náà la jọ dàgbà sí. Mallam ni mo ń pè é, òun náà ń pè mí ní abokina, ọ̀rẹ́ mi. Ó ní kọ̀ǹpútà kan tó máa ń so mọ́ ẹ́ńjìnnì, tó fi ń ṣètò bí epo àti afẹ́fẹ́ yóò ṣe pàdé àti ìgbà tí iná yóò ṣẹ́ sí wọn. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí ọkọ̀ náà, ó yí i po, ó yọ fìlà, ó fi nu ojú.

"Abokina, má wulẹ̀ dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀," ó sọ ní Haúsá. "Bí a bá máa ṣe é, jẹ́ ká sọ ọ́ di nǹkan mìíràn."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ Jímọ̀, bó bá ti kírun tán, yóò wá. Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, èmi nìkan ni n ó máa bá wáyà àti irin tó ti dógùn-ún jà.

A ti yọ ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kúrò, a sì ti gbé ọkọ̀ náà lé orí irin, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi pè láti Ìbàdàn pé kí a kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí iwájú ilé. Ìmọ̀ràn gidi ni. Gbogbo iwájú ilé ní Enugu Road ló ti di ṣọ́ọ̀bù, oògùn Màmá sì ń wọ́n sí i.

Mo ní, "Àǹtí, ọkọ̀ mi ń kọ́?"

"Ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnnì, ibo ló ń lọ? Tí o bá ṣe é tán, a ó fọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù kan, o ó gbé e kọjá."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu lọ́jọ́ náà. Bíríkìlà yọ géètì wa, ó fi búlọ́ọ̀kù dí ojú rẹ̀. Ohun tó kù fún wa ni ọ̀nà tóóró kan tí ọ̀kadà lè gbà bí a bá ká dígí rẹ̀ mọ́ra. Láìpẹ́ àwọn ayálégbé dé. Ọ̀kan ń ta fóònù, ìkejì ṣí kẹ́míìsì, ìkẹta ń ta bàtà. Wọ́n lẹ táìlì, wọ́n gbé ẹ̀rọ amúlétutù kọ́ ògiri. Mo dúró ti ọkọ̀ mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wo ògiri yí ká. Wọ́n ti kọ́lé yí mi ká, èmi náà ni mo sì ń gbé omi tútù fún bíríkìlà.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbà mú Màmá ní apá òsì. Ìyàwó mi ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fún un lóúnjẹ, àmọ́ èmi nìkan ni mo lè gbé e láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga, láti orí àga lọ sí ilé ìwẹ̀. N kò lè sùn síta mọ́ nìyẹn. Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣègbéyàwó ní Ìbàdàn, orí fóònù ni mo ti wò ó. Ilé sí ọjà, ọjà sí ilé. Bí ayé mi ṣe fẹ̀ tó nígbà náà, èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn ín já láìlàágùn.

Mo wá kó gbogbo ara mi lé ọkọ̀ náà. Ohunkóhun tí a bá rí fún un, ọ̀nà tóóró yẹn ló gbọ́dọ̀ gbà wọlé. Ẹ́ńjìnnì tuntun jẹ́ èyí tó ní tọ́bò, tó máa ń fipá ti afẹ́fẹ́ wọnú rẹ̀ kí agbára rẹ̀ lè pọ̀. Àwọn alábàárù fi igi gbé e kọ́ èjìká, wọ́n ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí alákàn. Bíréèkì ńlá, táyà fífẹ̀, sípíríǹgì kúkúrú tó mú kí ọkọ̀ wọlẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo wọn gbà. Mallam máa ń rẹ́rìn-ín, ó ní ṣe là ń sìn màlúù nínú ìkòkò.

Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀, Màmá wà lórí àga rẹ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà wúkọ́, ó kú, ó tún wúkọ́, ó wá gbà. Inú mi dùn débi pé n kò ronú nípa èéfín. Ògiri dí i níhà gbogbo, kò rí ibi gbà, ó padà sórí wa, ó kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo gbọ́ tí Màmá ń wúkọ́ kí n tó rí i. Ìyàwó mi sáré jáde, èmi àti Mallam gbé Màmá pẹ̀lú àga rẹ̀, a gba ọ̀nà tóóró náà, a sì gbé e kalẹ̀ sí ẹ̀bá títì. Ó ti pẹ́ gan-an tó ti jáde. Ó ń wo àwọn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta bí wọ́n ṣe ń kọjá, ó ń wo ọ̀run.

"Mo rò pé wọ́n ti wó àdúgbò yìí," ó sọ fún mi.

Ìyàwó mi dúró lẹ́yìn àga. Ó kàn ń wò mí. Lọ́sẹ̀ yẹn, Mallam jó páìpù gígùn kan mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó gbé ẹnu rẹ̀ gba orí òrùlé ṣọ́ọ̀bù, kí èéfín lè máa lọ sókè.

Láti ìgbà náà la ti ń tún iná ẹ́ńjìnnì ṣe. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò kan ilẹ̀. Èmi á tẹ̀ ẹ́, Mallam á máa wo kọ̀ǹpútà, táyà ẹ̀yìn á máa yí lófìfo, aago eré á máa gòkè. Màmá ní kí n gbé òun náà wọ̀ ọ́. Mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ mi, mo de bẹ́líìtì fún un. Iyè rẹ̀ ti ń lọ, ó ń bọ̀ nígbà náà. Bí ọmọ mi obìnrin bá fi Haúsá dá a lóhùn, ó lè bi mí pé ọmọ ta nìyẹn.

"Ibo là ń lọ?" ó béèrè.

Mo wo ojú rẹ̀, n kò sì mọ ìgbà tí mo dáhùn. "Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Màmá."

"Ó dáa. Má sáré jù o. Ṣé a ti kọjá Zaria?"

"A ti kọjá Zaria. Kàdúná ló kàn."

Ojoojúmọ́ ló wá ń béèrè fún ọkọ̀ lẹ́yìn náà. Bí mo bá ti ọjà dé, n ó gbé e wọlé síbẹ̀, n ó tanná, a ó máa lọ. Ó rántí ọ̀nà náà ju bó ṣe rántí orúkọ mi lọ, torí òun àti bàbá mi ni wọ́n máa ń gbà á lọ sí ìlú wa ní gbogbo Kérésìmesì: Tegina, Kontagora, Mokwa níbi tí wọ́n ti ń ra iṣu, Jẹ́bà níbi tí wọ́n ti ń ra ẹja. Lóde òní, ẹni tó bá bẹ̀rù àwọn ajínigbé kì í gba ọ̀nà yẹn mọ́. Màmá kò mọ̀. Lójú rẹ̀, títì ṣì dán, àwọn ọlọ́jà ṣì ń na ẹja sókè lẹ́bàá afárá.

Ìyàwó mi dúró ti fèrèsé ọkọ̀ lọ́jọ́ kan. "Dádì, ìgbà wo lẹ máa dé ibi tí ẹ ń lọ?" Ohùn rẹ̀ kò le.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ kan dé tí Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ fa bẹ́líìtì rẹ̀.

"A ti dé. Mo ti rí ilé wa. Sọ̀ mí kalẹ̀."

Ẹ̀yìn ògiri kẹ́míìsì ló ń wò. Mo ní, "Màmá, ó kù díẹ̀." Ó bú sẹ́kún. Ó ní kí ló dé tí n kò fẹ́ kí òun délé, kí ni òun ṣe fún mi. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo gbé e padà sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì padà wá jókòó sínú ọkọ̀ náà, mo di sítíárìnnì mú.

Nígbà tí ẹni tó ń ta fóònù kó jáde, mo pe ẹ̀gbọ́n mi pé ó ti tó àkókò tí a ó fọ́ ògiri. Ó ní, "Mo ti rí ẹlòmíràn tó fẹ́ gbà á. Fọ́ ọ bí o bá fẹ́, ṣùgbọ́n kí o dí i padà kó tó kẹ́rù dé."

Mallam ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé iṣẹ́ náà kò lè parí láìdé títì, pé ẹ́ńjìnnì tí kò fa ẹrù kò lè fi ara rẹ̀ hàn. A fọ́ ògiri ní iwájú àti ní ẹ̀yìn, a yọ páìpù òrùlé, a sì gba inú ṣọ́ọ̀bù òfìfo náà kọjá. Àwọn èèyàn dúró lápá méjèèjì Enugu Road, wọ́n ń fi fóònù yà wá. Gbogbo gegele ojú títì ló ń ha ìdí ọkọ̀ náà, bí ẹni pé ilẹ̀ ń fà á lẹ́sẹ̀. Nígbà tí a jáde sí ọ̀nà Zaria tí títì là, Mallam gbé kọ̀ǹpútà lé itan.

"Tẹ̀ ẹ́, abokina."

Mo tẹ̀ ẹ́. Tọ́bò náà súfèé, ìjókòó gbá mi lẹ́yìn, àwọn igi ẹ̀bá ọ̀nà sì pa pọ̀ di ọ̀kan. Mo gbàgbé ṣọ́ọ̀bù, mo gbàgbé ilé. N kò lè sọ bó ṣe pẹ́ tó, àmọ́ kò pẹ́. Àwọn ṣọ́jà wà níwájú, wọ́n fi àgbá dí ọ̀nà. Ọ̀kan nínú wọn tẹ̀ ba, ó wo inú ọkọ̀.

"Ibo lẹ̀ ń lọ?"

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi gbogbo èèyàn ni. Mo la ẹnu, mo rí i pé n kò ní ibì kankan. Mo ní a kàn ń dán ọkọ̀ wò ni. Ó ní ká yí padà, pé iwájú kò dáa nírọ̀lẹ́. Bí mo ṣe ń yí i, fóònù mi dún. Ìyàwó mi ni. Màmá kò jẹun, ó ní wọ́n ti jí ọkọ̀ òun lọ.

Nígbà tí mo délé, mo rò pé inú Màmá yóò dùn bó bá rí i pé ọkọ̀ náà ń rìn. Mo gbé e wọ̀ ọ́, mo rọra wà á lọ sí ìkángun àdúgbò. Kò tíì pẹ́ tó fi di apá mi mú. "Sọ̀ mí kalẹ̀. N kò mọ èyí. Gbé mi padà sínú ọkọ̀ wa."

Mallam ní kí n fi ọkọ̀ náà sí gáréèjì òun, pé nígbàkígbà tó bá wù mí, kí n wá gbé e. Ìyàwó mi náà rọ̀ mí. "Dádì, ẹ má gbé e wọlé mọ́. Ẹ ti jáde." Òtítọ́ ni wọ́n sọ, mo sì gbà pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Màmá ń nawọ́ sí abẹ́ igi dóńgóyárò, ó ń béèrè, kò sì yé béèrè. Mo fi ẹ̀yìn wa ọkọ̀ náà wọlé, mo gbé e lé orí irin, mo so páìpù rẹ̀ padà. Ìyàwó mi wọ inú yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn.

Bíríkìlà dé pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì. Ó ti to búlọ́ọ̀kù dé àyà nígbà tó dúró, tó nu ọwọ́.

"Ọ̀gá, ṣé kò sí nǹkan mìíràn tí ẹ fẹ́ gbé jáde kí n tó dí i?"

Mo wo inú àgbàlá. Màmá ti ń pè mí pé ilẹ̀ ń ṣú, pé kí a tètè máa lọ. Mo ní kò sí, mo sì na búlọ́ọ̀kù tó kàn sí i.