Mọ́tò Ti Jáde ní Géètì, Bàbá Jámánì

Yéè, Bàbá wa! Ta ni yóò máa sọ ìròyìn Jámánì fún wa l'Ájégúnlẹ̀ báyìí? Ó dìgbà kan ná o, baba aláwàdà tí í bínú kìkì bí ẹnìkan bá pa rédíò rẹ̀.

Bàbá, ẹ ò fẹsẹ̀ tẹ Jámánì rí. Ní èbúté Tin Can lẹ ti ń bá àwọn oníṣòwò gba mọ́tò tó ti ibẹ̀ dé lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, iṣẹ́ yẹn lẹ sì fi tọ́ wa. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí Bísí àbúrò mi ti lọ ṣe nọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún, ìlú náà ti di tiyín. Bàbá Jámánì ni gbogbo àdúgbò ń pè yín.

Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú tó pawọ́ pọ̀ ṣèjọba níbẹ̀ tú ká, tí wọ́n ní àwọn ó dìbò ṣáájú àsìkò, oúnjẹ ò lọ lẹ́nu yín mọ́. Ẹgbẹ́ kan ń pariwo pé àwọn ó lé àlejò padà sílé, ìwé ìgbélùú Bísí ò sì tíì jáde. Ẹ̀rù bà yín, ẹ ò sì fi pa mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ yín ní Tin Can ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́: "Baba, wetin concern Ajégúnlẹ̀?" Ẹ ní, "Ọmọ mi wà níbẹ̀, mọ́tò tẹ́ ẹ̀ ń dúró dè náà wà níbẹ̀. Ó kàn yín!"

Ní ìrọ̀lẹ́ tí èsì ìbò jáde, tí ẹgbẹ́ yẹn ṣe ipò kejì, Alájì Múfú ọ̀rẹ́ yín ti ṣí máàtì, ó ń kí wa kú oríire. Ẹ kọ̀, ẹ ò mu. "Múfú, mọ́tò tí ò tíì jáde ní géètì, a kì í kí olówó ẹ̀ kú oríire. Ẹni tó wọlé yẹn ò lè dá ìjọba ṣe, ó ṣì máa wá alábàáṣe. Tó bá lọ bá àwọn yẹn ńkọ́?" Ẹ gbé ìgò tiyín sínú fíríìjì, ẹ ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìgò náà di àlejò pàtàkì nílé wa: ẹ̀fọ́ wọlé, ó jáde, ẹja wọlé, ó jáde, máàtì Bàbá jókòó. Bí ooru bá mú, ojú mi a máa lọ síbẹ̀, n ò ní purọ́.

Ó pẹ́ kí ìjọba tuntun tó fìdí múlẹ̀, kò sì sí àwọn tó fẹ́ lé àlejò nínú rẹ̀. Iná ò sí lọ́jọ́ yẹn, máàtì ti gbóná. Ẹ dà á sọ́fun láì mí, ẹ ní ẹ ò mu ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí ìwé Bísí náà jáde, ijó lẹ jó dé ilé Alájì.

Bàbá, Bísí ti dé. Ẹ̀rù tó bà yín ni pé kí wọ́n má lọ lé e wálé. Kò sẹ́ni tó lé e. Òun fúnra rẹ̀ ló wọ bàálù wá sin bàbá rẹ̀, yóò sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti gbé ìgò máàtì kan sínú fíríìjì, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i títí a ó fi sin yín tán.

Ẹ jáde ní géètì wọ́ọ́rọ́wọ́, Bàbá, kí àwa tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ lè ṣí máàtì. Ẹ sùn re o, Bàbá Jámánì, baba mi.

Fọlákẹ́, àkọ́bí yín