Ewì Tí Mo Kọ fún Ìyàwó Àrẹ̀mọ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀, ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi yìí fún yín. Emùré ni mo wà, Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣì jẹ́ ọmọ tuntun nígbà náà. Ìgbà yẹn ni obìnrin arẹwà tó ti fi ìgbà kan jẹ́ ìyàwó àrẹ̀mọ Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì kú sínú ìjàǹbá mọ́tò.

Ṣé ẹ rántí? Gbogbo rédíò ló ń sọ ọ́! Àwọn obìnrin ń sunkún nílé ìwé wa bí ẹni pé àbúrò wọn ló lọ.

Àwa olùkọ́ obìnrin mélòó kan máa ń pàdé lọ́jọ́ Sátidé láti kọ ewì. A wá ní kí kálukú kọ tirẹ̀ nípa obìnrin yìí. Ìyá Tóyìn, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, fi tirẹ̀ bú ààfin Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní kí ni adé wọn ṣe fún òun rí, bí kò ṣe pé wọ́n to àwọn sójú oòrùn ní kékeré láti máa ju àsíá kí Ọbabìnrin wọn? Ẹlòmíì kọ nípa aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀. Ní tèmi, àwọn ọmọ méjì tó fi sílẹ̀ ló gbà mí lọ́kàn.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé. Ìyá tèmi kúrò nílé bàbá mi nígbà tí mo wà ní ìwé kejì nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìjà ọkọ àti ìyàwó ni. Ó padà sí Ìlúmọba, ìlú bàbá rẹ̀, àwọn ẹbí bàbá mi sì ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ mọ́. Àárò rẹ̀ sọ mí, ẹ ò lè mọ̀! Bí mo bá rí obìnrin tó jọ ọ́ láti ẹ̀yìn lójú títì, n ó sáré tẹ̀ lé e lọ wo ojú rẹ̀.

Nígbà tí mo wá dàgbà, tí mo ń gba owó oṣù, kí ló dé tí mi ò wá a lọ? Ẹ̀rù ni. Wọ́n ní ó ti fẹ́ ọkọ mìíràn, ó sì ti bímọ. Bí mo bá débẹ̀, tó wò mí bí àlejò ńkọ́?

Mo fẹ́ kọ ewì mi bí alámọ̀, irú èyí tí àwọn obìnrin Èkìtì fi ń dárò. Ẹni tó bá sì ń dárò gbọ́dọ̀ pe oríkì òkú. Wàhálà dé! Níbo ni n ó ti rí oríkì obìnrin Gẹ̀ẹ́sì? Oríkì obìnrin kan ṣoṣo ni mo mọ̀ délẹ̀, ti ìyá mi ni. Ni mo bá gbé e fún obìnrin Gẹ̀ẹ́sì.

“Àbẹ̀kẹ́ lọ, ọmọ a-sá-kòkó-sórí-àpáta. Àbẹ̀kẹ́ lọ, ó ku àwọn ọmọ.”

Ẹ gbà mí o! Ta ló ń sá kòkó láàfin Gẹ̀ẹ́sì?

Àwọn ẹgbẹ́ mi sunkún títí, wọ́n ní tèmi ló máa lọ sí rédíò ní Adó-Èkìtì. Mo lọ kà á níbẹ̀. Àṣé lẹ́yìn ìkéde òkú gan-an ni wọ́n fi í sí! Kò sí orúkọ obìnrin Gẹ̀ẹ́sì náà nínú rẹ̀ níbì kankan. Ohun tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ fi parí rẹ̀ ni pé Bọ́sẹ̀dé, tíṣà kan ní Emùré, ló ń dárò.

Ní Ìlúmọba, wọ́n gbọ́ Àbẹ̀kẹ́, wọ́n gbọ́ àpáta tí bàbá rẹ̀ ń sá kòkó sí, wọ́n gbọ́ orúkọ ọmọ rẹ̀. Ó tán! Wọ́n rọ́ dé ilé rẹ̀ láti kí ẹbí kú ọ̀fọ̀, wọ́n bá òkú níbi tó ti ń gé ẹ̀fọ́. Àwọn kan sá!

Lọ́jọ́ kejì, mo wà ní kíláàsì nígbà tí ọ̀kadà kan dúró níta. Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó ń pariwo pé Bọ́sẹ̀dé dà, kó jáde wá wo òun dáadáa, òun ò tíì kú o! Kí n tó rí ojú rẹ̀ ni mo ti mọ ohùn náà. Mo sáré jáde bá a.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé ìyàwó àrẹ̀mọ Gẹ̀ẹ́sì ni mo kọ ọ́ fún.

“Ṣé òun náà ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́ ni?”

Mo bú sẹ́kún. Mo bi í pé kí ló dé tí kò wá mi láti ọjọ́ yìí wá. Ó ní àwọn ẹbí bàbá mi sọ fún òun pé èmi ni mo ní mi ò fẹ́ rí òun sójú mọ́, ẹ̀rù sì ń ba òun pé n ó lé òun. Ẹ gbọ́ o! Èmi ń bẹ̀rù rẹ̀, òun náà ń bẹ̀rù mi, láàárín Ìlúmọba àti Emùré tí ọ̀kadà ń ná! Ó fà mí mọ́ra níwájú àwọn ọmọ kíláàsì mi, kò sì fi mí sílẹ̀ bọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí àárò ẹnìkan bá ń sọ yín, ẹ dìde kẹ́ ẹ lọ bá a. Ẹ má dúró de ohun tí wọ́n sọ pé ó sọ. Ṣé ẹnìkan wà tí ẹ̀yin náà ń bẹ̀rù láti lọ rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ kí gbogbo wa gbọ́. Àwọn ọmọ ọba méjì yẹn ní gbogbo ààfin, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kadà tó lè gbé ìyá wọn wá bá wọn mọ́. Èmi, tèmi dé.