Géèmù Tí Mo Fi Sórí Kọ̀ǹpútà Ẹ̀gbọ́n Mi

Mo rántí bí àtẹ́lẹwọ́ mi ṣe tutù lọ́sàn-án Sátidé kan ní Parakou, ní ilẹ̀ Benin, nínú oòrùn tó ń mú kí páànù òrùlé máa dún, nígbà tí kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kọ̀ láti ṣí fún mi. Ó béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé, mo tẹ̀ ẹ́, ó ní kì í ṣe òun. Mo tún un tẹ̀, ó tún ní kì í ṣe òun. Inú ẹ̀rọ yẹn ni iṣẹ́ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ kan wà, èyí tó gbọ́dọ̀ kó lọ sí yunifásítì lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn, nítorí pé èmi gan-an ni mo ní kí wọ́n pa ẹ̀dà kejì rẹ́, kí àyè lè wà fún géèmù.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní àdúgbò Titirou, níbi tó ti ń bá àwọn ènìyàn tẹ ìwé: lẹ́tà ìwáṣẹ́, ìwé ìpè ìgbéyàwó, àti iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní mẹmwáà. Èmi ni àbúrò tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Banikanni. Mo ti lé lógún ọdún nígbà náà, mo sì gbà pé kò sí ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà bí èmi ní gbogbo àdúgbò. Àwọn oníbàárà rẹ̀ máa ń fi kílé wọn, fláàṣì kékeré tí wọ́n fi ń kó iṣẹ́ wá, kó kòkòrò fáírọ́ọ̀sì wọ inú ẹ̀rọ náà, títí tó fi ń falẹ̀ bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ń lọ síbi ìsìnkú kan ní Ṣábẹ̀, ìlú wa, ó gbé kọ̀ǹpútà náà, tó máa ń pè ní òdinatẹ́ẹ̀, lé mi lọ́wọ́. Ó ní, “Bá mi fọ kòkòrò inú rẹ̀ dànù. Mẹmwáà ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ yẹn wà níbẹ̀ o, gbogbo àtúnṣe tí ọ̀gá rẹ̀ ṣe, inú òdinatẹ́ẹ̀ yìí nìkan ló wà. Fojú tó o.” Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọkàn mi ti lọ síbòmíràn kí ọkọ̀ rẹ̀ tó kúrò ní gáréèjì. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń ka nípa Linux, ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà dípò Windows, lórí fóònù mi. Ọ̀fẹ́ ni, kòkòrò tó ń da ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n mi láàmú kì í rí tirẹ̀ ṣe, ènìyàn sì lè tú u palẹ̀ kó tún un tò bó bá ṣe wù ú. Ohun tó fà mí jù ni pé àwọn kan ń fi ṣe géèmù. Géèmù tí wọ́n ṣe fún Windows kò gbọ́ èdè Linux, ṣùgbọ́n ètò kan wà tó máa ń dúró láàárín àwọn méjèèjì, bí ọkùnrin tó ń túmọ̀ èdè Dẹńdì fún oníbàárà ní àdúgbò Zongo. Ohun tí géèmù bá béèrè, á yí i padà, Linux á sì dáhùn. Nígbà mìíràn ògbufọ̀ náà mọ iṣẹ́ débi pé géèmù ò ní mọ̀ pé òun ti kúrò nílé. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ohùn á máa jáde láìsí àwòrán, tàbí kí gbogbo ènìyàn inú géèmù máa rìn kiri láìní orí. Mo fẹ́ràn wàhálà yẹn ju eré gan-an lọ. Mo máa ń ka bí ẹnì kan tí n kò mọ̀ rí, ní ìlú tí n kò lè dé, ṣe ń ṣàlàyé ìlà kan ṣoṣo tó fi tún tirẹ̀ ṣe, inú mi á sì dùn bí ẹni pé èmi ló kọ̀wé sí. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Lójú mi, Linux ni ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé tí àwọn ọlọ́gbọ́n ń gbà. Mo ti ka ara mi mọ́ àwọn ọlọ́gbọ́n náà, bẹ́ẹ̀ n kò tíì ní ẹ̀rọ kankan tí mo lè fi dán an wò.

Nítorí náà, dípò kí n fọ kòkòrò, mo wó ilé. Mo kó gbogbo iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi sórí dísìkì kan tí à ń gbé kiri, mo pa ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ́, mo sì gbé Linux lé e. Nígbà tó béèrè bóyá mo fẹ́ tì í pa kí olè má baà rí inú rẹ̀, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ta ni kì í fẹ́ kí ilé òun ní kọ́kọ́rọ́? Mo fi “awamaridi” ṣe ọ̀rọ̀ ìwọlé, mo sì rẹ́rìn-ín sí ọgbọ́n ara mi. Mo dá iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi padà sínú ẹ̀rọ, mo ṣí mẹmwáà náà wò, ó pé. Ìgbà yẹn ni mo gbé dísìkì lọ bá ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tún fóònù ṣe ní Zongo, tó ní géèmù ọkọ̀ akẹ́rù kan tí n kò lè rí owó íńtánẹ́ẹ̀tì gbà wọlé. Dísìkì náà kò gba méjèèjì. Ọ̀rẹ́ mi ní, “Àwọn ìwé wo ló kún ibí yìí? Ṣé kí n pa wọ́n rẹ́?” Mo ní kó pa wọ́n rẹ́. N kò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Láàárọ̀ Sátidé, géèmù náà ṣí, ó dúdú, ó kú. Mo ka ìmọ̀ràn, mo sì ní kí Linux lọ gba gbogbo ohun tuntun wọlé, títí kan èyí tó ń mú àwòrán ṣiṣẹ́. Bó ti ń gbà á lọ́wọ́, mo rántí ẹ̀gbọ́n mi. Nàìjíríà ni wọ́n ti gbé ẹ̀rọ náà wá, bí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àlòkù ní Parakou, ètò Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi kọ àwọn lẹ́tà sára kíláfíyé rẹ̀, ìyẹn pátákó ìtẹ̀wé. Ṣùgbọ́n ètò Faransé ni ẹ̀gbọ́n mi kọ́, òun ló sì ti ń lò lórí rẹ̀. Mo ní kó má dé kó máa bá ẹ̀rọ jà, mo yí kíláfíyé sí ti Faransé, inú mi sì dùn pé mo ṣe ọmọlúwàbí. Lẹ́yìn náà ni géèmù ṣí. Mo pariwo fún ara mi nínú yàrá. Mo fi mánẹ́ẹ̀tì tí à ń fi ọwọ́ méjèèjì darí géèmù wa ọkọ̀ akẹ́rù gba orí òkè àti afárá ìlú òyìnbó, èmi tí ọkọ̀ akẹ́rù gidi ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi lójoojúmọ́ tí n kì í gbójú sókè wò ó. Nígbà tí àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, ìmọ̀ràn ní kí n pa ẹ̀rọ kí n tún un tàn. Mo pa á, mo tún un tàn, ó sì béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé.

Nígbà tí mo fi tẹ̀ ẹ́ tó ogún ìgbà, ẹ̀rù ti ń bà mí débi pé mo ń bẹ ẹ̀rọ. Àmì róbótó kéékèèké ló ń hàn dípò lẹ́tà. Mo ń wo lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lára kíláfíyé, mo ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́: a, w, a, m. Kì í ṣe òun. Mo gbé ẹ̀rọ náà, mo gun ọ̀kadà zẹ́mì lọ sí Zongo. Ọ̀rẹ́ mi wo ẹ̀rọ náà, ó mirí. Ó ní, “Àpótí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù, a lè fọ́ ọ. Eléyìí kò ṣeé fọ́. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é.” Mo bi í bóyá ohun tó pa rẹ́ lórí dísìkì ṣeé gbà padà; ó ní géèmù ti jókòó lé gbogbo rẹ̀ lórí. Mo béèrè lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn àjèjì tí mo fẹ́ràn wọ̀nyẹn sì dá mi lóhùn kíákíá pẹ̀lú ìbéèrè kan náà: ṣé o ní ẹ̀dà níbòmíràn? Inú bí mi sí wọn bí ẹni pé àwọn ló pa á rẹ́.

Nírọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi pè láti Ṣábẹ̀. “Òdinatẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ti yá?” Mo ní ó ti yá. Mo gbọ́ ohùn àwọn ènìyàn ìsìnkú lẹ́yìn rẹ̀, mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, akẹ́kọ̀ọ́ náà fúnra rẹ̀ kan ilẹ̀kùn wa. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì dúró dè é lójú títì. Ó ní, “Ẹ kú ilé o. Ṣé mẹmwáà mi ti parí? Ọkàn mi ni ò balẹ̀ tí mo fi yà.” Mo ní, “Ó ti parí. Ká gbé e jáde sórí ìwé ló kù. Ẹ má mikàn.” Ó ṣàdúrà fún mi, ó lọ sọ fún ìyá rẹ̀, mo sì rí i tí ìyá náà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè láti kí mi. Mo wọlé, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ti to irọ́ mìíràn sílẹ̀ de ẹ̀gbọ́n mi: mo máa ní iná mànàmáná ló lọ tó tún wá lójijì, tó jó ẹ̀rọ. Irọ́ náà dára, nítorí irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a; tèmi kò lọ tó ọjọ́ méjì.

Kí oòrùn tó wọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi dé, eruku ọ̀nà lára aṣọ rẹ̀, iṣu mẹ́ta nínú àpò. Mo gba ẹrù, mo kí i kú ìrìn, mo la ẹnu láti parọ́, ẹkún ló jáde. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: Linux, géèmù, Zongo, dísìkì. Ó jókòó láìtíì bọ́ bàtà. Lẹ́yìn náà ó ní, “Gbé e wá. Kí ni mọ́dìpáàsì ọ̀hún?”

Mo sọ ọ̀rọ̀ ìwọlé náà fún un, ojú sì tì mí.

“Àwámárìdí,” ó ní. “Ó bá ọ mu.”

Ó gbé ẹ̀rọ lé orúnkún, ojú rẹ̀ wà lára mi, ìka rẹ̀ sáré lórí kíláfíyé. Ẹ̀rọ náà ṣí.

Mo bi í ohun tó ṣe. Ó ní òun kò ṣe nǹkan kan, òun tẹ̀ ẹ́ ni. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, ìyá tó kọ́ ọ máa ń fi aṣọ bo ọwọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ kí wọ́n má baà wo lẹ́tà. Láti ìgbà náà, ìka rẹ̀ ló mọ ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà ní ètò Faransé. Ohun tí wọ́n kọ sára kíláfíyé kò kàn án. Ó wá yé mi. Nígbà tí mo dá ọ̀rọ̀ ìwọlé náà, ètò Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀rọ ń gbọ́. Inúure tí mo ṣe láàárọ̀ Sátidé ti yí i padà títí dé ẹnu ọ̀nà: níbi tí wọ́n kọ a sí, q ni ẹ̀rọ ń gbọ́; níbi tí wọ́n kọ w sí, z ni. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń tẹ ohun tí ojú mi rí, èmi tí mo pe ara mi ní ọ̀mọ̀wé kọ̀ǹpútà. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Mo ń dúpẹ́, mo ń fò sókè. Ẹ̀gbọ́n mi kò fò. Ó ṣí mẹmwáà náà, ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí kílé méjì, ó wá bi mí pé, “Ṣé ẹnikẹ́ni wá?”

Mo ní ọmọbìnrin náà wá.

“Kí lo sọ fún un?”

Mo ní mo sọ fún un pé ó ti parí.

“Bọ̀n, ó dáa. Lọ́la, ìwọ lo máa gbé e lọ fún un. Wàá sọ bó ṣe jẹ́.”

Mo ní ṣebí kò sọnù mọ́. Ó ní, “Ṣé o mọ̀ pé kò sọnù nígbà tó ń bi ọ́?”

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, mo gbé ìwé náà lọ sílé wọn, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Mo rò pé á rẹ́rìn-ín, níwọ̀n ìgbà tó ti parí síre. Kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka tọ ìlà, mo sì dúró níbẹ̀ títí tó fi dé òpin. Ó ní, “Ó pé. Ẹ ṣé.” Ó gbé ìwé náà, ó sì wọlé.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Mo ti ní kọ̀ǹpútà tèmi, Linux ló wà lórí rẹ̀, mo sì ṣì ń fi ṣe géèmù. Ògbufọ̀ náà ti gbọ́n sí i; ọ̀pọ̀ géèmù tó máa ń kú mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà náà, bọ́tìnì kan ni báyìí. Àwọn kan ṣì ń kọ̀ fún mi, pàápàá àwọn tí à ń bá ará ìlú mìíràn ṣe, tí wọ́n máa ń fura sí ẹni tó bá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. N kì í bá wọn jà mọ́. Bí ọ̀dọ́ kan bá bi mí bóyá kí òun náà bẹ̀rẹ̀, mo máa ń ní kó bẹ̀rẹ̀, lórí ẹ̀rọ tirẹ̀, kó ṣe ẹ̀dà méjì, kó má sì fi ọ̀kan gbàyè fún géèmù. Ẹni tó jìn sí kòtò ló kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Síbẹ̀, bí ẹ̀rọ bá ti béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé, àyà mi ṣì máa ń já, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń ṣí.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà ní Titirou, Linux náà ló sì ń lò; ó ní kòkòrò ò sí mọ́, òun ò béèrè jù bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ náà yege. Nígbà tó tún ní mẹmwáà mìíràn láti kọ, èyí tó ju ti àkọ́kọ́ lọ, mo rí i tó kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù wa pẹ̀lú àpò ìwé lápá. Ó kí wa dáadáa, ó béèrè àlàáfíà ilé, ó sì sọdá lọ bá ẹlòmíràn tó ń tẹ ìwé ní òdìkejì ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín. Lẹ́yìn náà ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, kò sì wo ọ̀dọ̀ mi.