Àgọ́ Olú Àǹtí Mi

Òórùn àgọ́ náà ni mo kọ́kọ́ kórìíra. Kí èèyàn tó dé ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn ilé Àǹtí mi ní Ìjẹ̀dẹ́ ni yóò ti gbá a nímú: òórùn àpò ìdọ̀họ tí omi kì í gbẹ lára rẹ̀, àti ti èérún pákó tó ti ń kẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni èmi àti Àǹtí mi, àwọn ni ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, wọ́n lọ kọ́ bí a ṣe ń gbin olú nínú ilé. Wọ́n fi igi ọparun kan férémù sínú yàrá kan tí a kò tíì rẹ́, wọ́n sì fi ọ̀rá funfun tó nípọn bò ó yíká àti lókè. Inú rẹ̀ ni wọ́n to àwọn àpò èérún pákó tí wọ́n gbin olú sí. Gbogbo ìrètí wọn ló wà níbẹ̀.

Wọ́n ní olú kì í hù dáadáa bí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò bá tutù rinrin. Torí náà a ní láti máa wọ́n omi sí ilẹ̀ àti sí àpò ìdọ̀họ tí a fi kọ́ ara ọ̀rá, ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́.

Mo ti ń gbé lọ́dọ̀ wọn fún oṣù mélòó kan nígbà náà. Ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé wa bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ ló dojú dé lórí ọ̀sà, àwọn tó kú sì pọ̀ ju àwa tó yè lọ. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó ṣẹlẹ̀, ọlọ́kọ̀ sì ti fún wa ní tapólìn pé kí a fi bo orí, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Kálukú di etí tapólìn mú. Nígbà tí ọkọ̀ dà wá sómi, tapólìn yẹn ló tẹ̀ lé wa, ó bò wá mọ́lẹ̀ nínú omi. Àwọn apẹja Ìlàjẹ ló fà mí yọ. Láti ìgbà náà, mi ò fẹ́ kí ohun tó ní omi lára kàn mí lọ́rùn. Aṣọ ìnura tí mo bá ti fún gbẹ ni mo fi ń nu ara, mo sì ń pè é ní ìwẹ̀.

Àǹtí mi mọ̀ nípa ọkọ̀. Wọn ò mọ̀ nípa tapólìn, mi ò sọ ọ́.

“Wọlé jàre,” ni wọ́n wí lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ mú mi débẹ̀. “Olú kì í géni jẹ.”

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ó ń rùn.”

“Ìwọ náà rùn nígbà tí Màámi bí ọ. Ṣebí a gbé ọ mọ́ra?”

Mo wọlé. Omi kán láti orí ọ̀rá sí mi lẹ́yìn ọrùn, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì ń yọ̀ díẹ̀ bí itọ́. Mo sá jáde. Àǹtí mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀.

Nígbà tó yá, ọmọ wọn obìnrin bímọ ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì ní láti lọ máa wẹ ọmọ tuntun. Wọ́n kìlọ̀ fún mi kí wọ́n tó wọ mọ́tò: “Bí o bá ti wọ́n omi tán, ká ọ̀rá ẹnu ọ̀nà sókè, ká ti ẹ̀yìn náà sókè. Jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá dáadáa kí o tó sọ wọ́n kalẹ̀. O gbọ́?”

“Mo gbọ́, mà.”

Ọ̀rá ẹ̀yìn yẹn, inú àgọ́ nìkan ni ọwọ́ ti lè tó o. Ẹni tó bá fẹ́ ká a ní láti rìn já. Mi ò rìn já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìta ni mo dúró sí, mo ti ẹnu pọ́ǹpù tí a fi ń wọ́n omi bọ àlàfo ẹnu ọ̀nà, mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì ń fa omi sínú rẹ̀ títí apá fi ro mí. Kí wọ́n má baà rí mi bí ọ̀lẹ, mo fà á ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń pè mí lórí fóònù. Mo máa ń gbọ́ igbe ọmọ tuntun lẹ́yìn wọn.

“Àwọn ọmọ tèmi ńkọ́?”

“Wọ́n wà dáadáa, mà.”

“Ṣé o ń ká ẹ̀yìn sókè?”

“Mò ń ká a.”

Ojoojúmọ́ ni mo pa irọ́ yẹn. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ bá ohun tí wọ́n gbé ìrètí ọjọ́ ogbó wọn lé ní bíbàjẹ́ lọ́wọ́ mi. Síbẹ̀, ẹ̀rù inú ọ̀rá yẹn pọ̀ jù ú lọ.

Ní ọjọ́ kẹfà, òórùn náà yí padà. Ó wá dà bí ẹja tí wọ́n gbàgbé sínú ọ̀rá. Kòkòrò dúdú wínníwínní bo ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń wọ̀ mí nímú. Mo mọ̀ pé bí mi ò bá wọlé, kò ní sí ohun tí Àǹtí mi máa bá. Mo fi aṣọ di imú, mo ká ọ̀rá sókè.

Omi dúró lórí ilẹ̀, ìdin ń yí nínú rẹ̀. Àwọn àpò tó wà lẹ́yìn ti bu, wọ́n ti di aláwọ̀ ewé. Ìyẹn kọ́ ló rí mi lára jù. Àwọn tí kò tíì bàjẹ́ ni. Nínú àwòrán tí Àǹtí mi fi hàn mí, olú yìí máa ń fẹ̀ bí etí. Àwọn wọ̀nyí kò ní orí. Wọ́n gùn, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n funfun báláú, omi ń kán lára wọn. Wọ́n yọ márùn-ún márùn-ún láti ojú ihò àwọn àpò náà, gbogbo wọn sì tẹ̀ sí apá ẹnu ọ̀nà, níbi tí mo dúró sí. Ìka ọwọ́ ni. Ìka ọwọ́ ni mo rí.

Mo bì síbẹ̀.

Nínú omi lọ́jọ́ náà, lábẹ́ tapólìn, ẹnì kan di ìró mi mú. Mo mọ ìka rẹ̀ kọ̀ọ̀kan lára aṣọ mi. Mo tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo lọ mú ọ̀bẹ wá láti ilé ìdáná, mo fa ọ̀rá náà ya láti òkè dé ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo tó lè wọlé. Mo fi ọwọ́ lásán gbé gbogbo àpò tó ti bu jáde, omi tó ń yọ̀ lára wọn dé ìgúnpá mi. Mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ mi, mo fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ó ṣì ń rùn.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni Àǹtí mi dé.

“Ta ló ṣe báyìí sí mi?”

“Èmi ni, mà.”

“Omi ni mo ní kí o wọ́n, mi ò ní kí o kọlà fún ọ̀rá!”

Wọ́n wọlé, wọ́n já ọ̀kan nínú àwọn olú yẹn, wọ́n ṣẹ́ ẹ sí méjì, wọ́n sì gbóòórùn rẹ̀. Mo ní láti gbójú kúrò. Ohùn wọn rọlẹ̀.

“O kò ká ẹ̀yìn sókè rárá.”

“Rárá, mà.”

“Bó ṣe máa ń rí nìyí. Bí olú ò bá rí atẹ́gùn, á máa na ọrùn ṣáá. Atẹ́gùn ló ń wá.”

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn: tapólìn, ìró mi, ọwọ́ yẹn. Wọn ò sọ pé kí n má sunkún. Wọ́n ń yí olú tí wọ́n ṣẹ́ láàárín ìka.

“Ọkùnrin ni àbí obìnrin?”

“Mi ò mọ̀. Òrùka wà lọ́wọ́ rẹ̀.”

Wọ́n sọ olú náà sílẹ̀. “Ó dáa. Èmi á máa wọlé. Ìwọ máa dúró lẹ́nu ọ̀nà.”

A fi tépù lẹ ọ̀rá náà pọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé pọ́ǹpù wọlé sáàárín àwọn àpò tó ṣẹ́kù, mo sì di ọ̀rá ẹnu ọ̀nà mú sókè.

“Sọ ọ́ kalẹ̀,” ni wọ́n kígbe láti inú. “Ọ̀rinrin ń jáde lọ!”

“Ẹ kọ́kọ́ jáde, mà.”

“Ìwọ ọmọ yìí, olú á gbẹ o!”

Omi ara ọ̀rá ń ṣàn wálẹ̀ sí apá mi, ó wọ abíyá mi, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì ń yọ̀. Mo dì í mú bẹ́ẹ̀ títí Àǹtí mi fi jáde.